Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin wa l'Ábújá: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ìdí tí wọ́n fi lé èèyàn níṣẹ́

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ̀yin sẹ́nítọ̀ 18 tí ẹ ń ṣojú Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ni mò ń kọ̀wé sí, ẹ̀yin àti àwọn akẹgbẹ́ yín nílé aṣojú-ṣòfin. Yorùbá lẹ fi tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, Yorùbá náà ni n ó fi bá yín sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ń wá, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, ẹni tó ń jà sí ilẹ̀ ń wá. Àmọ́ láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tó ń wá jù ni àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé gbélé-ẹ, tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn tẹ ìwé sí ọ̀gá wọn. Kí n tó lè tẹ èsì, mo ní láti kọ́kọ́ ka èyí tí wọ́n fún wọn. Mo ti kà á títí, díẹ̀ ló kù kí n mọ̀ ọ́n lórí. Ìlà mẹ́ta péré ló sábà máa ń jẹ́: iléeṣẹ́ ò nílò iṣẹ́ yín mọ́ láti òní lọ, ẹ kó gbogbo ohun ìní iléeṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, a gbàdúrà pé kí ọjọ́ ọ̀la yín dára. Àdúrà yẹn ló máa ń bí mi nínú jù.

Obìnrin kan mú tiẹ̀ wá nínú láílọ́ọ̀nù, òun àti àwọn pèésílíìpù tó ti ń kó jọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò nídìí ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu àpò ní iléeṣẹ́ oníke kan. Lẹ́tà náà pè é ní “Ọ̀gbẹ́ni”. Wọ́n ti fi lẹ́tà yẹn lé ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀, wọ́n wá pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́, wọ́n fi tiẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni ò sì rántí pé obìnrin lẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ni ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ẹnu géètì ni sìkiọ́ríìtì ti bọ́ káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn ẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ mọ iye owó tó tọ́ sí i ni. Rárá o. Ohun tó ń bi mí ni pé, “Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?”

Mo mú Labour Act, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí mo tẹ̀ jáde sábẹ́ káńtà, mo wò ó dáadáa. Iléeṣẹ́ náà ti san owó oṣù kan fún un dípò ìkìlọ̀. Ó tán nìyẹn. Lójú òfin tó wà nínú ìwé yẹn, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sì jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Àwọn ọ̀gá tó ń rú òfin pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tí kò rú òfin kankan, tí wọ́n sì ṣe obìnrin yìí báyìí.

Ọdún 1974, láyé ìjọba ológun Gowon, ni wọ́n gbé òfin náà jáde. Abala 11 ló sọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Ẹni tó ti lé ní oṣù 3 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti pé ọdún 2 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún 5 lọ sókè, oṣù kan, ó parí. Ẹni tó lo ọdún 5 àti ẹni tó lo 30 ọdún, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀gá bá sì fẹ́ kí èèyàn máa lọ lójú ẹsẹ̀, kó ṣáà ti san owó àkókò náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́rin, tó ń gba 70,000 náírà tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí lọ́dún 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù, nǹkan bí 35,000 náírà ni wọ́n máa kà lé e lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́ àwọn ìyàwó yín.

Ó tún wá ku ìkan. Òfin ilé gbígbé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé, bí àdéhùn ò bá ti sọ ohun mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù 6 ni onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún kó tó sọ pé kó kó jáde. Ẹni tó gba yàrá kan fún ọdún kan, oṣù mẹ́fà. Ẹni tó fi ogún ọdún sin iléeṣẹ́, oṣù kan. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọdé.

Obìnrin oníke yẹn tiẹ̀ rí nǹkan dì mú, torí pé òfin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo abala 91, níbi tí wọ́n ti sọ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni wọ́n kà mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, òfin yọ wọ́n kúrò pátápátá. Ìyẹn ni pé nọ́ọ̀sì tó wà ní ọsibítù aládàáni, ẹnjiníà, ọ̀gá ẹ̀ka ní báǹkì, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ní. Ta ló kọ àdéhùn náà? Ọ̀gá ni. Ẹni tí ebi iṣẹ́ ń pa kì í ka ojú ewé kẹfà kó tó fọwọ́ sí i.

N ò ní purọ́ mọ́ àwọn adájọ́ o. Àwọn kan nínú wọn ti gbìyànjú. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà, ti ọdún 2010, fi abala 254C kún un, ó sì gbé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá lé National Industrial Court nìkan lọ́wọ́. Ó tún fún ilé ẹjọ́ náà láṣẹ láti máa wo ìlànà tó dára jù lọ tí ayé ń tẹ̀ lé. Orí ìyẹn ni wọ́n dúró lé lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan pe Diamond Bank, tí adájọ́ fi sọ pé kò bóde mu mọ́ kí wọ́n máa lé èèyàn láìsọ ìdí tó gún régé. Ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́ ni, kò sí nínú Labour Act. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ gíga ti ń kọ́ wa bọ̀ ṣì wà níbẹ̀: pé ọ̀gá aládàáni lè fòpin sí iṣẹ́ èèyàn nítorí ìdí tó dára, nítorí ìdí tí kò dára, tàbí láìnídìí rárá, bó bá ṣáà ti fún un ní ìkìlọ̀ tàbí owó rẹ̀, pé wọn kì í fi òṣìṣẹ́ lé ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ mọ́ lọ́wọ́ tipátipá. Lọ́yà iléeṣẹ́ á gbé ti àtijọ́ dání wá, lọ́yà òṣìṣẹ́ á gbé ti tuntun. Ibi tí ẹjọ́ máa já sí dọwọ́ adájọ́ tí wọ́n bá pín in fún. Àdéhùn nọ́ńbà 158 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe lọ́dún 1982, èyí tó sọ ní pàtó pé a ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn láìsí ìdí tó jẹ mọ́ ìwà rẹ̀, agbára rẹ̀ tàbí ipò tí iléeṣẹ́ wà, Nàìjíríà ò tíì fọwọ́ sí i títí di òní.

Ẹ wá wo bó ṣe rí fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaniyan láre nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá Yunifásítì Èkó ṣe. Ilé ẹjọ́ ní òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ti la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yọ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀, wọn ò tẹ̀ lé e, nítorí náà kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn fún wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá lé awakọ̀ ilé búrẹ́dì lọ́nà tó burú ju ìyẹn lọ, owó ìkìlọ̀ ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń bu fún un. Kò sí òfin kan tó la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lé awakọ̀. Ẹ̀yin lẹ lè là á.

Nígbà míì wọ́n á fi ẹ̀sùn kàn án, kó lè jẹ́ pé òun ló ba ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á ní ó jalè, tàbí ó purọ́, tàbí ó ṣàìgbọràn. Tí wọ́n bá lé èèyàn bẹ́ẹ̀, kò sí ìkìlọ̀, kò sí owó ìkìlọ̀. Àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, kí wọ́n jẹ́ kó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa ti ní in kí òyìnbó tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi òwe gbé ọ̀rọ̀ yín lárugẹ nílé aṣòfin, ẹ bá wa gbé ìkan yìí wọnú Labour Act.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú àwọn ọ̀gá kì í lé èèyàn rárá. Wọ́n á pe ọmọ náà wọlé, wọ́n á tì í ní pépà àti báírò, wọ́n á ní, “Kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ, kí orúkọ ẹ má bàjẹ́.” Ọmọkùnrin kan tó ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan fi èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ dè é hàn mí. Orúkọ ẹ̀, déètì, “mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí ẹ fún mi”, gbogbo ẹ̀ ló pé, ìfọwọ́sí ẹ̀ nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Kò buwọ́ lù ú. Ó ní òun fẹ́ lọ fi han bàbá òun ná. Ọmọ náà ní làákàyè. Ilé ẹjọ́ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fipá mú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé e ni. Àmọ́ òun ló máa fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ̀rí wo ló sì wà nínú yàrá tí ẹni méjì péré wà?

Mo mọ ohun tí àwọn oníléeṣẹ́ máa sọ fún yín, torí àwọn ló lówó wíwá sí Ábújá. Wọ́n á ní dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, iná ò sí, náírà ti já, bí ẹ bá so wá lọ́wọ́ a ò ní lè gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Èmi náà ń ra bẹntiró sínú jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ àìlówó fúnra ẹ̀, ìdí ni! Kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà: owó ti tán nílẹ̀. Abala 20 òfin kan náà ti mọ irú ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí ọ̀gá sọ ìdí ẹ̀ àti iye èèyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó dé kẹ́yìn jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìyàtọ̀ bá wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí wọ́n sì jọ dúnàá-dúrà lórí owó tí wọ́n máa fi tu àwọn tó ń lọ lára. Ó tún fún mínísítà láṣẹ láti ṣe ìlànà tó máa sọ owó ìtura yẹn di dandan. Ẹ bá mi bi mínísítà tó bá tún jókòó síwájú ìgbìmọ̀ yín pé kí ni òun ti fi àṣẹ yẹn ṣe.

Gánà tó wà nítòsí wa ò kú. Òfin òṣìṣẹ́ wọn ti ọdún 2003 ya ìléníṣẹ́ tó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò tọ́, ó dárúkọ àwọn ìdí tó tọ́, ó sì ní bí wọ́n bá lé èèyàn láìtọ́, àjọ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kó bu owó fún un. Gúúsù Áfíríkà ti ní tiwọn láti ọdún 1995. Iléeṣẹ́ ṣì wà ní Accra, ó ṣì wà ní Johannesburg. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan tó ní ẹ̀ka níbí àti níbẹ̀ ń sọ ìdí fún òṣìṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu wọn di.

Ní ti owó ìtanràn, ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí. Ọ̀gá tó bá gé owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́nà tí òfin kọ̀, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi nílé ẹjọ́, abala 21 ní ìtanràn ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 800 náírà lọ. Tó bá tún un ṣe, 1,500. Ẹ ò ṣì mí kà o, ẹgbẹ̀rin náírà. Owó fọ́tòkọ́pì tí lọ́yà máa ṣe fún ẹjọ́ náà lọ́dọ̀ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn yín, torí pé ẹlòmíràn nínú wọn gba tiẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, má fọwọ́ sí nǹkankan lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ wọlé. Sọ pé o fẹ́ gbé e délé. Kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ, pèésílíìpù, aláàtì báǹkì àti àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí ọ̀gá fi rán ọ níṣẹ́ pamọ́. Bí wọn ò bá fún ọ ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rí, o ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́. Àdéhùn ẹnu jẹ́ àdéhùn, ọ̀gá ló yẹ kó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣọ́ra fún owó tí wọ́n bá ní kó o fọwọ́ sí pé ó parí gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí adájọ́ lè sọ pé o ti gbà pẹ̀lú wọn. Obìnrin tó wà nísinmi ìbímọ, òfin ò gbà kí wọ́n fún un níwèé ìlékúrò lákòókò ìsinmi ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbọdọ̀ lé ọ torí pé o wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Lọ bi àwọn tó ń bá ọ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì léèrè iye tó wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní kí ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ, kí wọ́n yọ ìdá 8 lára tìẹ. Àìmọye èèyàn ni wọ́n ń yọ tiwọn lóṣooṣù tí kò sì dé ibi tó ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n lé wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Bó o bá lé oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn, tó ò sì tíì pé àádọ́ta ọdún, o lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. Ọ́fíìsì mínísírì òṣìṣẹ́ wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni kó o mú ẹjọ́ rẹ lọ síbẹ̀. Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó lọ́yà ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. L'Ékòó, ó tún ní Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Bí gbogbo ẹ̀ bá já sí pàbó, National Industrial Court wà l'Ékòó, n'Ìbàdàn àti l'Ákùúrẹ́.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo padà sọ́dọ̀ yín. Labour Standards Bill tó yẹ kó rọ́pò òfin ọdún 1974 ti ń ti ilé aṣòfin kan bọ́ sí òmíràn fún ọdún pípẹ́. Ẹ gbé e jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi kò gba ju gbólóhùn kan lọ: ọ̀gá tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ tẹnu ẹni náà kó tó kọ ọ́. Kí gbólóhùn náà kan nọ́ọ̀sì, kó kan ọmọ báǹkì, kó kan awakọ̀ àti ẹni tó ń lẹ ẹnu àpò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ máa gùn bí ọdún iṣẹ́ bá ṣe ń gùn, kẹ́ ẹ sì bá wa wá nǹkan ṣe sí ẹgbẹ̀rin náírà yẹn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú lórí ẹ̀, ẹ má ṣe é ní gbọ̀ngàn Ábújá. Ẹ gbé ìjókòó náà wá sí Ọ̀tà, Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn, kó sì jẹ́ ọjọ́ Sunday nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, tó ní òun fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn níṣẹ́, ẹ mọ lẹ́tà tó máa bá lórí tábìlì.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan n'Ìbàdàn